Kí Ẹ Tó Gba Ipò Ẹ̀kọ́ Nínú Ìṣègùn Ìrora

Ìbéèrè tí dókítà tó fẹ́ lọ kọ́ ìṣègùn ìrora sábà máa ń kọ́kọ́ bi ni pé: abẹ́rẹ́ mélòó ni wọn yóò jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi gún? Kò burú láti bi í, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ta ni yóò jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn, tí yóò sì bi mí léèrè ìdí tí mo fi fẹ́ gún un, tàbí ìdí tí mo fi ní kí a fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀? Ẹni tó ti ń ṣe spinal àti epidural, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sẹ́yìn láti pa ìmọ̀lára, láti ìgbà residency (ìdálẹ́kọ̀ọ́ dókítà nínú ẹ̀ka kan), ọwọ́ rẹ̀ ti mọ abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀. Oṣù díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ C-arm, tó ń fi ẹ́ksíréè ya àwòrán lójú ẹsẹ̀, ti tó fún un láti mọ ibi tí yóò fi orí abẹ́rẹ́ sí. Mímọ aláìsàn tí abẹ́rẹ́ kò ní ṣe láǹfààní, ìyẹn ló ń jẹ ọdún náà tán.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwọn dókítà tó wà nínú residency ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìlọrin tàbí Ìdí-Àràbà, àti àwọn tó ti japa tí wọ́n ń wo ẹ̀ka tí wọn yóò yà sí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí housejob. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ní ẹ̀ka kan lọ́wọ́, tàbí kí ẹ ti rìn jìnnà nínú rẹ̀.

Ní ìlú ọba, inú iṣẹ́ àwọn dókítà akunnilóorun ni ìṣègùn ìrora wà. Faculty of Pain Medicine, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007 lábẹ́ Royal College of Anaesthetists, ló ń ṣètò rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ ìkunnilóorun níbẹ̀ ló ń fojú kan iṣẹ́ ìrora ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ gangan yóò ya oṣù 12 sọ́tọ̀ fún un ní ìpele kẹta. Ìdánwò rẹ̀ ni FFPMRCA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012: apá kìíní jẹ́ àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti ń mú ìdáhùn nínú èyí tí wọ́n tò sílẹ̀, apá kejì jẹ́ ìdánwò ẹnu. Apá kejì ni kí ẹ máa múra sílẹ̀ fún láti oṣù kìíní, nítorí kò sí ìwé téèyàn lè há sórí tó lè gbà á níbẹ̀. Ẹjọ́ aláìsàn ni wọn yóò gbé kalẹ̀, wọn yóò sì máa bi yín ní “kí ló kàn?” títí ẹ ó fi kan ògiri.

Fún dókítà tó ṣì wà ní Nàìjíríà, Medical Training Initiative wà, tó ń gba dókítà láti òkè òkun wọlé sí ìlú ọba fún ìgbà tí kò ju oṣù 24 lọ, lẹ́yìn èyí tí yóò padà sílé. Ẹ fojú ṣọ́ ohun kan: oṣù mélòó nínú 24 náà ni yóò jẹ́ ti ìrora, mélòó ni yóò jẹ́ ti tíátà àti call? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní Amẹ́ríkà, fellowship oṣù 12 ni, lẹ́yìn residency. Kì í ṣe àwọn akunnilóorun nìkan ló ń wọ̀ ọ́; ẹni tó ti inú physical medicine and rehabilitation, neurology tàbí psychiatry wá náà lè wọlé. Àmọ́ dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà yóò kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ECFMG, tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ dókítà tó kàwé lókè òkun, lọ́pọ̀ ìgbà yóò sì tún residency ṣe níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó kan fellowship. Ẹ ka ọdún wọ̀nyẹn mọ́ ọn kí ẹ tó máa sọ pé ọdún kan péré ni. Ní Australia, láti 2005 ni ìjọba ti gbà pé ìṣègùn ìrora jẹ́ ẹ̀ka tó dá dúró fúnra rẹ̀, ọdún 2 sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Lójú tèmi, ètò tiwọn ló bá iṣẹ́ náà mu jù, nítorí ọdún kan kéré fún ohun tó pọ̀ tó báyìí.

Àwọn ìwé ẹ̀rí míì wà tí wọn kì í ṣe ìdálẹ́kọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. EFIC, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrora ní ilẹ̀ Yúróòpù, ń ṣe ìdánwò kan tó ń jẹ́ EDPM. World Institute of Pain ń ṣe FIPP, tó dá lórí abẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń ṣe apá kan rẹ̀ lórí òkú. Yunifásítì Edinburgh ń kọ́ni ní master's nípa ìtọ́jú ìrora lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ ló dára fún ẹni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ náà, àmọ́ kò sí èyí tó lè rọ́pò oṣù 12 tí ẹnìkan fi ń wo yín lójú bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Nílé, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí dókítà wà nínú residency ìkunnilóorun, yálà ti National Postgraduate Medical College tàbí ti West African College of Surgeons, kó sì máa fi iṣẹ́ ìrora kún un. Ìbàdàn ní ìtàn rere nínú èyí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlaitan Ṣoyannwo, dókítà akunnilóorun ní UCH, wà lára àwọn tó la ọ̀nà fún iṣẹ́ ìrora àti ìtọ́jú ìdẹ̀rùn fún àwọn tí àìsàn wọn kò ní lọ mọ́. Bí ẹ bá wà nítòsí, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìtọ́jú ìdẹ̀rùn. Ẹ kì í rí ibi tó ń kọ́ni ní mọ́fíìnì ju ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn odi, Hospice Africa Uganda ní Kampala, tí Anne Merriman dá sílẹ̀ ní 1993, ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti ilẹ̀ Áfíríkà ní lílo mọ́fíìnì olómi.

Ẹ má fojú kéré Essential Pain Management pẹ̀lú. Roger Goucke àti Wayne Morriss ló ṣe é fún ibi tí ohun èlò kò pọ̀, Papua New Guinea ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi kọ́ni ní 2010. Ọjọ́ kan péré ni, ìlànà rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ẹ dá ìrora mọ̀, ẹ díwọ̀n rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù rẹ̀ yóò dé ibi ẹ̀kọ́ ńlá pẹ̀lú ojú tó ti là.

Yàrá ìgbẹ́jọ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Aláìsàn ìrora tuntun ń gba ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Bí ibi tí ẹ fẹ́ lọ bá ń fún un ní ìṣẹ́jú 15, ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó kọ́ ni láti pín ìrora sí irú mẹ́ta. Èyí tó ń ti ara tó bàjẹ́ tàbí tó wú wá: oríkèé orúnkún tó ti jẹ, egbò, eegun tó kán. Èyí tó ń ti iṣan ìmọ̀lára fúnra rẹ̀ wá: ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, ìdí ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì tí abẹ́rẹ́ sì kan iṣan sciatic. Ẹ̀kẹta ni èyí tí IASP, ẹgbẹ́ àgbáyé fún ìwádìí ìrora, gbà wọlé ní 2017 tí wọ́n ń pè ní nociplastic, níbi tí ètò ìmọ̀lára ti ń ké ju bó ṣe yẹ lọ láìsí ìpalára tó hàn gbangba. Fibromyalgia, ìrora gbogbo ara tó ń pẹ́, ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Nínú ICD-11, ìwé tí àjọ WHO fi ń pín àìsàn, ìrora tó bá ti kọjá oṣù 3 ti di onígbà pípẹ́, àmì rẹ̀ sì ni MG30. Ìdí tí ìpín yìí fi ṣe pàtàkì ni pé oògùn kan náà kì í ṣiṣẹ́ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Diclofenac kò rí ohunkóhun ṣe sí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, àfi kó máa ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

DN4 ni irinṣẹ́ tó yára jù fún irú kejì. Ìbéèrè 10 ni: 7 lẹ́nu aláìsàn, 3 láti inú àyẹ̀wò ọwọ́. Ẹ ó bi í bóyá ó ń jó, bóyá òtútù kan wà níbẹ̀ tó ń dùn ún, bóyá ó ń gbé e bí iná mànàmáná. Ẹ ó bi í bóyá ara ibẹ̀ ń rìn bí eèrà, bóyá ó ń gún un wìnnìwìnnì, bóyá ó kú tipiri, bóyá ó ń yún. Lẹ́yìn náà ẹ ó fi òwú àti abẹ́rẹ́ ṣóńṣó wò bóyá ìmọ̀lára ibẹ̀ ti dín kù, ẹ ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ pa á lára wò bóyá ìyẹn ń dùn ún. Bí máàkì bá pé 4, ìrora iṣan ìmọ̀lára ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú sí.

Ibi tí ó ti ń ṣì nílẹ̀ wa rèé. Màmá tó ní àtọ̀gbẹ kì í sábà sọ pé “ó ń jó.” “Ó ń ta mí bí ata” ni yóò sọ. Bí dókítà bá bi í bóyá ó ń jó, yóò ní rárá, dókítà yóò sì kọ òdo sílẹ̀. Ata yẹn gan-an ni jíjó tí DN4 ń wá. Bákan náà, ẹni tó sọ pé gbogbo ara ló ń ro òun kò tíì sọ ohunkóhun tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka síbi tó burú jù, kí ẹ sì wò bóyá ìka yẹn ń rìn lọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ tàbí ó dúró sójú kan.

Òǹkà 0 sí 10 náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ẹ bá bi Bàbá pé báwo ni ìrora náà, “a dúpẹ́” ni yóò dáhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó ń ṣe ni kí ẹ díwọ̀n: Bàbá, ẹ ṣì ń kúnlẹ̀ kírun àbí orí àga lẹ ti ń kí i? Màmá, ta ló ń bá yín gbé omi? Ẹ lè lóṣòó nílé ìgbẹ́? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jí lóru àná? Ìdáhùn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tún bi í lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Brief Pain Inventory, ìwé ìbéèrè kan nípa ìrora, ń bi nǹkan tó jọ ọ́, àmọ́ kò mọ̀ nípa ìlóṣòó.

Lẹ́yìn náà ni àmì ewu. Ìwé tí wọ́n kọ ní ìlú ọba yóò kọ́ yín nípa ojú abẹ́ tó kú tipiri àti ìtọ̀ tí kò wá mọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé kí aláìsàn ṣe MRI lónìí, kí dókítà oníṣẹ́ abẹ sì rí i lónìí. Bí ẹ bá ń padà wálé, ẹ fi méjì kún un. TB tó wọ eegun ẹ̀yìn, pàápàá fún ọ̀dọ́ tó ń rù, tó ń làágùn lóru, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń yọ gegele. Àti jẹjẹrẹ prostate tó ti wọ eegun: ọkùnrin àgbà tí ẹ̀yìn ríro ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ní dà láàmú lóru, ẹ ṣe PSA rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún prostate, kí ẹ tó sọ pé ọjọ́ orí ni.

Ẹ bi í nípa ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú. PHQ-9, ìwé ìbéèrè nípa ìbànújẹ́ ọkàn, ní ìbéèrè kẹsàn-án tó kan ríronú ikú. Ẹ má fò ó nítorí ojú ń tì yín. Ẹ bi í nípa àgbo, paraga àti àpòpọ̀ oògùn tí kẹ́mísì dì sínú ọ̀rá fún un, kí ẹ sì ní kó kó gbogbo rẹ̀ wá. Tramadol sábà máa ń wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tó dáa yóò jẹ́ kí fisiotẹ́rápì àti onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá jókòó nínú ìpàdé kan náà pẹ̀lú dókítà. John Bonica, dókítà akunnilóorun tó wà lẹ́yìn ìdásílẹ̀ IASP ní 1973, ló ti ń jà fún èyí ní Seattle láti ìgbà pípẹ́. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún aláìsàn pé ìrora rẹ̀ kò ní lọ tán, àmọ́ pé ó lè padà sọ́jà. Ó ṣòro ju gígún celiac plexus, ìdìpọ̀ iṣan ìmọ̀lára inú ikùn, lọ.

Oògùn

Fún ìrora iṣan ìmọ̀lára, ẹ bẹ̀rẹ̀ amitriptyline láti 10 mg lálẹ́, kí ẹ máa fi 10 mg kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dé 50 tàbí 75 mg bí ara rẹ̀ bá gbà á. Ẹnu gbígbẹ àti oorun ni yóò kọ́kọ́ dé, ìtura yóò tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọkùnrin tí prostate rẹ̀ ti wú lè má lè tọ̀ mọ́. Ohun tó sì ń ba ìtọ́jú jẹ́ jù ni pé ẹnìkan ní kẹ́mísì yóò sọ fún un pé oògùn wèrè ni. Ẹ yáa sọ ọ́ fúnra yín kí ó tó kúrò níwájú yín: wọ́n ń lò ó fún ìbànújẹ́ ọkàn, àmọ́ ìwọ̀n kékeré yìí, iṣan ìmọ̀lára ni ó wà fún. Gabapentin ń bẹ̀rẹ̀ láti 300 mg, ó ń lọ sí 1,800 mg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́, a ó sì dín in kù bí kíndìnrín kò bá dára. Kò gbọdọ̀ dúró lójijì, bí ó bá sì pàdé mọ́fíìnì, èémí aláìsàn lè fà sẹ́yìn.

Ìṣirò mọ́fíìnì gbọ́dọ̀ wà lórí yín láìwo ìwé. Ẹni tó ń mu 10 mg ní wákàtí 4-4 ń gba 60 mg lọ́jọ́. Ìwọ̀n tó máa lò bí ìrora bá já lù ú kí àkókò oògùn tó kàn tó pé jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà, ìyẹn 10 mg. Bí kò bá lè gbé e mì mọ́ tí ẹ fẹ́ fi í sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ fi 3 pín in: 20 mg fún wákàtí 24. Bí ẹ bá ń yí i padà sí oògùn míì nínú ìdílé kan náà, ẹ tún gé ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdajì kúrò nínú ohun tí ìṣirò fún yín, nítorí ara tí oògùn kan ti mọ́ lára kò tíì mọ èkejì tó bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn láti ọjọ́ kìíní. Fún ìrora onígbà pípẹ́ tí kì í ṣe ti jẹjẹrẹ, Faculty of Pain Medicine kìlọ̀ pé bí ó bá kọjá 120 mg mọ́fíìnì lọ́jọ́, ewu ń pọ̀ sí i, àǹfààní kò pọ̀ sí i.

Pentazocine, oògùn ìrora tí wọ́n ń gún, ni ìwé òkè òkun kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ó kún wọ́ọ̀dù wa. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mọ́fíìnì. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ mọ́fíìnì, bí nọ́ọ̀sì alẹ́ bá gún un ní pentazocine, oògùn náà lè lé mọ́fíìnì kúrò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́: òógùn, ìgbẹ́ gbuuru, ara gbígbọ̀n, ìrora tó padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gígún un lemọ́lemọ́ tún ń sọ ẹran itan di líle, tí yóò fi máa dégbò.

Èyí mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ SS. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ìlú ọba, ti 2012 ní kí aláìsàn tí crisis (ìrora líle tó ń dé sí ọmọ SS) gbé dé gba oògùn ìrora láàárín ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú 30-30 títí ara yóò fi tù ú, wọ́n sì ní kí a má lo pethidine, oògùn míì nínú ìdílé mọ́fíìnì. Pethidine ń di norpethidine nínú ara, ìyẹn sì lè fa gìrì. Dókítà ìrora tó bá ń bọ̀ wálé kò ní iṣẹ́ tó ju kó jẹ́ kí ìṣẹ́jú 30 yìí ṣeé ṣe ní ẹ̀ka pàjáwìrì lọ. Kò ní í ṣe pẹ̀lú C-arm rárá. Ó ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn olóró wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago méjì òru. Ìfòyà oògùn tó ń di bárakú kì í ṣe asán nílẹ̀ wa, ìjọba ṣáà ti fòfin de ọtí ikọ́ oní-codeine ní 2018. Ṣùgbọ́n kí a máa fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó ń mu ún ní ìgboro jẹ ọmọ SS níyà, kò bójú mu.

Abẹ́rẹ́

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé orí rẹ̀. Mo fẹ́ fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ń fi bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń kọ́ni hàn: dídí iṣan ìmọ̀lára kékeré tí wọ́n ń pè ní medial branch fún oríkèé kékeré ẹ̀yìn ìbàdí.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ jẹ́ ti nọ́ńbà. Oríkèé L4/L5 (àárín eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún) ń gba ìmọ̀lára láti ọ̀dọ̀ iṣan L3 àti L4, kì í ṣe L4 àti L5. Àmọ́ iṣan L3 ń gba orí apá ẹ̀gbẹ́ eegun L4 kọjá, ti L4 sì ń gba orí ti L5. Ẹni tó bá dàrú níbí yóò gún ibi tí kò kàn, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé oríkèé kọ́ ló ń yọ aláìsàn lẹ́nu.

Ìkejì jẹ́ ti ìwọ̀n. Abẹ́rẹ́ spinal 22 tàbí 25 gauge ni. Ẹ yí C-arm sí ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi rí ohun tí wọ́n ń pè ní Scotty dog (àwòrán eegun ẹ̀yìn tó jọ ajá), kí orí abẹ́rẹ́ kan eegun níbi tí apá ẹ̀gbẹ́ ti pàdé ọrùn oríkèé. Ẹ wò ó láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Contrast (oògùn tó ń hàn nínú ẹ́ksíréè) díẹ̀, 0.2 mL tó, láti rí i pé kò wọ iṣan ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà lidocaine tàbí bupivacaine, oògùn tó ń pa ìmọ̀lára, tí kò ju 0.5 mL lọ. Bí ẹ bá fi 2 mL sí i, yóò ṣàn dé ẹran ẹ̀yìn àti iṣan míì, ìrora yóò lọ, ẹ kò sì ní mọ ohun tó gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá fún un ní oògùn oorun tàbí fentanyl kó tó sùn sórí tábìlì.

Ìkẹta ni èyí tó wọ́pọ̀ jù: kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé aláìsàn lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ìdánwò ni abẹ́rẹ́ yìí, kì í ṣe ìtọ́jú. Kí ó tó wọ tíátà, ẹ ní kó ṣe ohun tó máa ń dùn ún, kó tẹ̀ ba, kó yí ìbàdí. Lẹ́yìn rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì máa kọ máàkì sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún wákàtí mẹ́fà. Bí ìrora bá dín ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀nba àkókò tí oògùn yẹn fi ń ṣiṣẹ́, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ míì. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, a lè sọ̀rọ̀ sísun iṣan náà pẹ̀lú radiofrequency (ooru láti inú iná mànàmáná): 80°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 60 sí 90, abẹ́rẹ́ náà ní láti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan, kì í ṣe kó gún un lójú. Ẹ fi iná 2 Hz dán an wò ṣáájú. Bí ẹsẹ̀ bá fò, ẹ kúrò níbẹ̀ kíá.

Ewu ńlá tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ́ yín láti ọ̀sẹ̀ kìíní kò pọ̀, àmọ́ ó ń pani. Ẹni tó ń mu clopidogrel tàbí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ mọ ọjọ́ tí yóò dá a dúró àti ẹni tó gbà á láyè láti dá a dúró, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ihò eegun ẹ̀yìn ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí 8 kí ẹsẹ̀ tó lè padà bọ̀ sípò. Ní ọrùn, steroid tó ní èérún bíi triamcinolone lè wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ kó dí i, kó fa rọpárọsẹ̀ lórí tábìlì. FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa steroid inú ihò eegun ẹ̀yìn ní 2014. Dexamethasone kò ní èérún. Ẹ mọ ìwọ̀n tó pọ̀ jù fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fa oògùn sínú sírínjì: lidocaine lásán 3 mg fún kílò kan, bupivacaine 2 mg. Fún ẹni 60 kg, lidocaine 2% kò gbọdọ̀ kọjá 9 mL. Bí ó bá sọ pé ẹnu òun ń kú, etí òun ń hó, ẹ dúró. Bí gìrì bá dé tàbí tí ọkàn bá fẹ́ dá iṣẹ́ dúró, lipid 20% (omi ọ̀rá tí wọ́n ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀) ni, 1.5 mL fún kílò kan ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì máa bá a lọ pẹ̀lú 15 mL fún kílò kan ní wákàtí kan. Ìgò náà gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá yẹn, kì í ṣe ní ilé oògùn ìsàlẹ̀.

Ti ìtànṣán ẹ́ksíréè kò gùn: ẹ wọ apron, ẹ dáàbò bo ọrùn, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ má tẹ ẹsẹ̀ lórí pedal ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ yín kò sì gbọdọ̀ hàn nínú àwòrán.

Yíyan ibi tí ẹ ó lọ

Ẹ bá ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀gá nìkan. Ẹ bi í: aláìsàn tuntun mélòó lò ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ta lo ń bá jíròrò rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ àbí ní ìrọ̀lẹ́? Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ni wọ́n ń fà ọ́ kúrò lọ kunni lóorun nítorí èèyàn kò tó? Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ìwé? Ṣé ipò náà ń fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ìdánwò tàbí kò fún un?

Bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti padà wá ṣiṣẹ́ nílé, ẹ yan ohun tí ẹ ó lè lò. Spinal cord stimulator, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn láti fi iná mànàmáná dín ìrora kù, dùn ún wò, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí aláìsàn wọ́ọ̀dù gbogboogbò lè ronú kàn. Ẹ̀rọ radiofrequency kò wúlò bí abẹ́rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń sọ nù lẹ́yìn lílò, bá tán tí kò sì sẹ́ni tó ń kó o wọlé. Ní tèmi, mo máa ń sọ pé kí èèyàn kọ́ ẹ̀rọ ultrasound dáadáa, nítorí ó rọrùn láti gbé, kò sì ní ìtànṣán. Kó sì kọ́ fífi ọtí líle pa celiac plexus fún jẹjẹrẹ pancreas: ìpele L1 ni, ọtí náà jẹ́ ìdá 50 sí 100, C-arm tí àwọn dókítà eegun ń lò sì tó fún un. Kó mọ̀ pé ìfúnpá aláìsàn yóò wálẹ̀, pé ìgbẹ́ gbuuru lè dé, àti pé ẹ̀gbà ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn kó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ní ti logbook, ìwé tí ẹ ó máa kọ iṣẹ́ yín sí, ẹ ṣí i ní ọjọ́ kìíní. Yàtọ̀ sí orúkọ abẹ́rẹ́ àti ìpele eegun, ẹ ṣe àyè fún ìdí tí ẹ fi gún un, fún bí ara rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àti àyè míì fún àwọn tí ẹ rí tí ẹ pinnu láti má gún. Ẹ gba ìbuwọ́lùwé lóṣooṣù. Ẹni tó bá kó o jọ di ìparí ọdún lè bá a pé consultant tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti japa lọ sí Canada.